Wọ́n Gba Fóònù Lọ́wọ́ Wa, Wọ́n Ní Ká Lọ Fi Kọ̀ǹpútà Ṣèdánwò

Mo mọ̀ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, àwa ọmọ ló ń ta lára jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kó ti ẹnu wa jáde.

Ìlànà tí àwọn àgbà fi ń tọ́ wa lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà ń ta ko ara rẹ̀. Láàárọ̀, wọ́n á tú báàgì wa wò lẹ́nu géètì kí wọ́n lè rí i dájú pé kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Èyí tí wọ́n bá rí, wọ́n á gbà á, ó di ìparí táàmù kí òbí tó lè wá bẹ̀bẹ̀ fún un. Mo ti gbọ́ pé ní àwọn ibòmíràn wọ́n tilẹ̀ máa ń fọ́ ọ mọ́lẹ̀ níbi àsíńbílì lójú gbogbo ilé-ìwé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti JSS1 títí dé SS3. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà yìí, wọ́n á wá gbé ẹ̀rọ ka iwájú wa, wọ́n á ní ká fi í ṣe ìdánwò tí yóò sọ bóyá a máa wọ yunifásítì tàbí a máa jókòó sílé. Mo ní kò bójú mu. Ohun tí a kò fi kọ́ ọmọ, kò yẹ ká fi dán an wò.

Láti ọdún 2015 ni JAMB ti pa ìdánwò orí ìwé tì pátápátá. Kò sí bíírò àti pépà mọ́. Ìbéèrè 180 ni, wákàtí méjì ni wọ́n fún wa: ọgọ́ta fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, ogójì ogójì fún iṣẹ́ mẹ́ta yòókù. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú àáyá ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Láàárín ogójì ìṣẹ́jú àáyá yìí, èèyàn á ka ìbéèrè, á ronú, á yan ìdáhùn, á sì wá ibi tí lẹ́tà náà wà lórí kíbọ́ọ̀dù. Ọmọ tó ní láptọ́ọ̀pù nílé kì í wá lẹ́tà, ìka rẹ̀ ti mọ ọ̀nà. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́, tí ọjọ́ ìdánwò jẹ́ ìgbà kejì tó máa fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà láyé rẹ̀, ibi ìwákiri ni yóò ti ná àkókò rẹ̀. Ìdánwò kan náà kọ́ ni àwọn méjèèjì ń ṣe.

WAEC náà ti ń bọ̀ lọ́nà. Ní ọdún 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà fún àwọn tó ń forúkọ ara wọn ṣe ìdánwò láìsí nílé-ìwé. Nígbà tó di ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Ọ̀mọ̀wé Túnjí Alausa, kéde pé ìjọba fẹ́ kí WAEC àti NECO bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, ó sì dárúkọ ọdún 2026. Èmi kò bínú sí i. Ó lè dín jìbìtì inú ìdánwò kù, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ìbéèrè mi ni pé, ta ló ń pèsè wa sílẹ̀ fún un?

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé JAMB ti ro ti ẹni tí kò mọ máòsì lò. Ó rò ó lóòótọ́, ó sì yẹ ká kí wọn. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́jọ péré ni wọ́n ní ká mọ̀: A, B, C àti D láti yan ìdáhùn, N láti lọ sí ìbéèrè tó kàn, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi iṣẹ́ jíṣẹ́, àti R bí èèyàn bá tẹ S tí kò tíì fẹ́ parí. Àgbà olóyè tí kò kàwé rí lè kọ́ mẹ́jọ yìí ní ọ̀sán kan. Àmọ́ orí kíbọ́ọ̀dù ló ti máa kọ́ ọ. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní kẹ̀kẹ́ gígùn, ẹ lè ya kẹ̀kẹ́ sórí pátákó fún odidi táàmù mẹ́ta. Ọjọ́ tó bá gun òjúlówó ló máa ṣubú.

Kẹ̀kẹ́ orí pátákó yìí, mi ò fi pa òwe lásán. Bí a ṣe ń kọ́ Computer Studies gan-an nìyẹn. Olùkọ́ á wọlé, á ya mọ́nítọ̀ sórí pátákó, á ya kíbọ́ọ̀dù, á ya máòsì pẹ̀lú ìrù rẹ̀. Àwa náà á mú rúlà, a ó yà á sínú ìwé wa, a ó fi ọfà tọ́ka sí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà a ó kọ ìtumọ̀ kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ìtumọ̀ kan náà tí a kọ ní JSS1. Mo mọ máòsì yà dáadáa. Bí ẹ bá rí èyí tí mo yà fún ìdánwò táàmù kejì, ẹ ó fẹ́ fún un ní wàràkàṣì jẹ.

Bẹ́ẹ̀ yàrá kọ̀ǹpútà wà o. Ilé-ìwé púpọ̀ ló ní in. Àgádágodo ńlá ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, inú rẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ wà tí wọ́n fi aṣọ bò lórí bí ìgbà tí èèyàn bá bo oúnjẹ kí eṣinṣin má bàa bà lé e. Ọjọ́ tí àwọn alábẹ̀wò bá ń bọ̀ láti ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ni wọ́n máa ń ṣí aṣọ náà. Nígbà mìíràn olùkọ́ á kó wa lọ síbẹ̀, a ó tò dúró mọ́ ògiri, a ó fi ojú rí i, a ó sì padà sí kíláàsì. Mi ò dá àwọn olùkọ́ lẹ́bi tó bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé pé òun gba kọ̀ǹpútà ogún, ó mọ̀ pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́, òun ni wọ́n máa bi. Bó bá sì jẹ́ pé ó wà níbẹ̀ títí tó fi gbó, tí ẹnikẹ́ni kò fi lò ó, kò sẹ́ni tó máa bi í ní ǹkan kan. Ẹ ò rí i pé ìlànà yẹn gan-an ló ń ti ilẹ̀kùn? Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó ń kọ́ nǹkan ti ṣiṣẹ́ tí a rà á fún. Èyí tó gbó sábẹ́ aṣọ ni owó tó ṣòfò.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, nígbà tí èsì JAMB jáde, ariwo gba gbogbo ìlú. Nínú àwọn ọmọ 1,955,069 tí èsì wọn kọ́kọ́ jáde, àwọn 1,534,654 ni kò gba tó 200 nínú 400. Kí ni ẹ gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn? Nínú ọkọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ohun kan náà ni: "Fóònù ló bà wọ́n jẹ́. TikTok ni wọ́n ń wò." Kò pẹ́ sí i ni JAMB fúnra rẹ̀ jáde wá sọ pé àṣìṣe wà nínú ẹ̀rọ òun ní ibùdó 157 ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Ìgbò márùn-ún, pé ó kan ọmọ 379,997, tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún ìdánwò ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede tó jẹ́ ọ̀gá wọn sunkún lójú gbogbo ayé, ó sì gbà pé ẹ̀bi wọn ni. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti bú àwọn ọmọ náà ní ọ̀lẹ ńkọ́? Mi ò gbọ́ kí ọ̀kan nínú wọn padà wá sọ ohunkóhun. Ó ti mọ́ wa lára pé ohunkóhun tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ ọ̀dọ́, fóònù ni.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Mo mọ ohun tó ń ba àwọn òbí lẹ́rù, orúkọ rẹ̀ ni Yàhúù. Ní Ilé-Ifẹ̀ yìí, kò sí àdúgbò tí a kò ti mọ ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í lọ síbi iṣẹ́ kankan, tó sì ń wa ọkọ̀ tí olùkọ́ tó ti ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún kò lè rà. Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tún wà. Àwòrán ìhòhò tún wà. Orí fóònù ni gbogbo rẹ̀ sì ń gbà wọlé. Bí bàbá kan bá gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ nítorí èyí, ìfẹ́ ló fi ṣe é, mi ò ní pè é ní aláìlajú.

Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ bá mi wá ìdáhùn sí èyí: ta ló kọ́ àwọn ọmọ Yàhúù ní kọ̀ǹpútà? Kì í ṣe olùkọ́ Computer Studies. Ẹlòmíràn tó wà níta ló kọ́ wọn. Ẹni náà ní iná, ó ní dátà, ó ní láptọ́ọ̀pù tó pọ̀, ó sì ní sùúrù. Ó máa jókòó ti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, á fi hàn án bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, á fún un ní oúnjẹ, kò ní gba owó ìwé. Ilé-ìwé wa ń ti yàrá kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dalẹ́. Ilé tirẹ̀ kì í tì. Bí ọmọ kan bá wà tó fẹ́ràn ẹ̀rọ, tí ọwọ́ rẹ̀ ń yún un láti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ibo lẹ fẹ́ kó gbà? Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wa, wọn kò sì sọ pé kọ̀ǹpútà kò sí nínú ẹ̀kọ́ náà.

Àwọn kan tún máa ń sọ pé àwọn òyìnbó gan-an ń fòfin de fóònù. Òótọ́ ni: Faransé ṣe òfin rẹ̀ ní ọdún 2018 fún àwọn ilé-ìwé kéékèèké wọn. Àmọ́ ọmọ Faransé tó fi fóònù sílẹ̀ ń wọ ilé-ìwé tí iná wà, tí ibi ìkàwé wà, tí kò sì sẹ́ni tó bo kọ̀ǹpútà láṣọ. Wọ́n gba kékeré, wọ́n sì fi ńlá rọ́pò rẹ̀. Àwa, wọ́n gba kékeré lọ́wọ́ wa, wọ́n sì fi pátákó rọ́pò rẹ̀.

Kò sì yẹ kó jẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2013, nígbà tí èmi ṣì wà lẹ́yìn ìyá mi, ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde. Wọ́n ní 150,000 ni àwọn fẹ́ pín fún àwọn ọmọ SS ní ilé-ìwé ìjọba. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ ni, kò ju ìwé kan lọ, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni wọ́n kó ìwé ẹ̀kọ́ sí, pẹ̀lú ìbéèrè WAEC àti JAMB àtẹ̀yìnwá, títí kan ìtàn Yorùbá. Wọn kò so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà kò sí TikTok, kò sí tẹ́tẹ́. Gbogbo ohun tí àwọn òbí ń bẹ̀rù lónìí, wọ́n ti rí ọ̀nà gbà yẹra fún un ní ọdún yẹn lọ́hùn-ún! Orúkọ rẹ̀ gan-an dùn mọ́ mi: wọ́n mú un láti ara ọpọ́n Ifá, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ sọ pé ìmọ̀ orí ẹ̀rọ kì í ṣe àlejò nílé Odùduwà. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó gba tirẹ̀ nígbà náà ṣì máa ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀.

Lónìí, mi ò rí ọ̀kan rí lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì wa. Àwọn èèyàn ṣì ń jiyàn bóyá owó tí wọ́n ná sí i pọ̀ jù tàbí kò pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ òṣèlú nìyẹn, ó ju ọjọ́ orí mi lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé èrò náà dára, ó sì yẹ kó ju ìjọba kan lọ. Ní ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-oòrùn dá ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ n'Íbàdàn, ẹ̀kọ́ sì wà lára ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi í ṣe. Àwọn bàbá wa nígbà náà rí ẹ̀rọ tuntun, wọ́n ronú bí wọn yóò ṣe fi kọ́ ọmọ. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé bí a bá rí ẹ̀rọ tuntun báyìí, ibi tí a máa tì í mọ́ la kọ́kọ́ ń wá?

Ẹ jẹ́ kí n ya bàrá díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ Yorùbá. Olùkọ́ Yorùbá wa kì í fojú fo àmì ohùn. Bí o bá kọ "igba" láìsí àmì, máàkì rẹ ti lọ, nítorí ó lè jẹ́ igba, igbá, ìgbà tàbí ìgbá. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí fóònù, gbogbo wa ló ń kọ Yorùbá bí ẹni tí kò lọ sílé-ìwé, títí kan àwọn olùkọ́ fúnra wọn nínú àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp. Kò sẹ́ni tó fi hàn wá ibi tí ẹ, ọ àti ṣ wà. Wọ́n wà níbẹ̀ o! Kíbọ́ọ̀dù Google ní Yorùbá nínú. Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní African Languages Technology Initiative n'Íbàdàn ti ń ṣiṣẹ́ lórí kí kọ̀ǹpútà gbọ́ èdè wa láti ọ̀pọ̀ ọdún. Ìlàjì wákàtí nínú kíláàsì ti tó láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Bí ìdánwò Yorùbá bá wá bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ní ká tẹ àròkọ, kí la fẹ́ ṣe?

Àtakò kan wà tí mo gbà pé ó wúwo ju gbogbo èyí lọ. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ní fóònù. Ẹni tí a jọ ń jókòó kò ní, ìyá rẹ̀ ní kékeré alátẹ̀ kan tó wà fún ìpè nìkan. Bí ilé-ìwé bá sọ pé kí gbogbo ọmọ máa mú fóònù wá, irú rẹ̀ ni yóò jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìtìjú, àwọn mìíràn á sì máa yọ iPhone lójú rẹ̀. Dátà náà kò rọrùn. Ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni àjọ NCC gba àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ láàyè láti fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Nítorí ìdí yìí, mi ò ní kí ẹ ṣí géètì sílẹ̀ fún gbogbo fóònù. Bí kò ṣe ti àgádágodo yẹn, bóyá mi ò tilẹ̀ ní mẹ́nu ba fóònù. Ẹ ṣí yàrá kọ̀ǹpútà, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní iPhone àti ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní alátẹ̀ yóò jókòó sórí àga kan náà.

Bí ẹ bá sì sọ pé iná kò sí, mo gbà, iná kò sí. Fóònù ló wá wúlò níbẹ̀, nítorí bátìrì rẹ̀ lè gbé e dé aago méjì láìsí jẹnẹrétọ̀. Fóònù mẹ́wàá tó jẹ́ ti ilé-ìwé, tí olùkọ́ ń kó jáde tó sì ń kà padà, pẹ̀lú ìbéèrè JAMB àtẹ̀yìnwá tí a ti gbà sórí wọn, kò nílò dátà kankan lẹ́yìn náà. Ọmọ mẹ́rin sí ọ̀kan, ogójì ọmọ ti rí ṣe. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ tó ń dáwó fún kíkun ògiri lè dáwó fún ìyẹn.

Mo sì fẹ́ fi ẹ̀rín sọ èyí, kí ẹ má bínú. Àwọn àgbà tó ń gba fóònù lọ́wọ́ wa, àwa náà ni wọ́n ń pè bí tiwọn bá dákẹ́. "Wá bá mi wò ó, kí ló dé tí kò gba fọ́tò mọ́?" "Bá mi fi owó yìí ránṣẹ́, mi ò rí i kà." Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè, a ó sì ṣe é fún yín tayọ̀tayọ̀. Àmọ́ ibo lẹ rò pé a ti kọ́ ọ?

Ohun tí mo ń bèèrè kò gba owó ìjọba àpapọ̀. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà nílùú wa, ó ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa kọ̀ǹpútà, ọkadà kan ṣoṣo ló sì ń gbé èèyàn láti Òkè-Ogbo dé géètì rẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn méjì máa wá ràn olùkọ́ wa lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé-ìwé. Kí ẹgbẹ́ òbí fọwọ́ sí ìwé pé bí kọ̀ǹpútà kan bá bàjẹ́ níbi tí ọmọ ti ń kọ́ ọ, wọn kò ní mú un lọ́rùn olùkọ́. Kí ọ̀gá ilé-ìwé fún wa ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, aago méjì sí mẹ́rin. A ó bọ́ bàtà wa sẹ́nu ọ̀nà, a ó gbá ilẹ̀ rẹ̀, a ó ká aṣọ náà dáadáa sórí tábìlì. SS3 ni kó kọ́kọ́ wọlé, nítorí ìdánwò tiwa ló sún mọ́ jù.